Iná Níta, Ìwúkàrà Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Pọn Bíà Nígbà Ọ̀gìnnìtìn

 Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí àwọn kan nínú wa ti ń bèèrè pé kí a ṣe àlàyé lórí bíà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pọn fúnra wọn ní ẹ̀yìnkùlé, pàápàá ní ìgbà òtútù tí ènìyàn kò retí pé kí ẹnikẹ́ni dúró síta. Àwọn tí wọ́n ti ń dán an wò láàrin wa náà kò kéré mọ́. Ẹnìkan á pọn tirẹ̀, á dùn. Ẹlòmíràn á pọn tirẹ̀, ìgò á bẹ́ lóru, gbogbo ilé á jí. Kì í ṣe ọ̀ràn orí ire tàbí orí burúkú. Ohun tí òtútù ń ṣe sí iná yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe sí ìwúkàrà tí a ń pè ní yíìsì. Iná gbọ́dọ̀ wà níta, ìwúkàrà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, yóò rí i he.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ọtí rárá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ààrò gáàsì ńlá tí wọ́n fi ń pọn bíà, òun náà ni a fi ń se ìrẹsì àríyá, tí a fi ń dín ẹran nínú gáréèjì. Ọ̀rọ̀ tí a máa sọ nípa rẹ̀ kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò lọ́nà. Wọ́n fagi lé òfin tí ó de ọtí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, ṣùgbọ́n pípọn bíà nínú ilé ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ fún bíi ọdún 45 lẹ́yìn náà. Oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tí ó tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1979. Ilé tí àgbàlagbà kan ṣoṣo bá wà lè pọn gálọ́ọ̀nù 100 lọ́dún. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gálọ́ọ̀nù 200. Ìpínlẹ̀ Alabama àti Mississippi ni wọ́n gbà á kẹ́yìn, ní ọdún 2013. Ẹ lè mu ún, ẹ lè fi ṣe àlejò nínú ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá sí ìpàdé wa kí ó ní dọ́là méjì-méjì ni. Òfin yìí kò sì sọ̀rọ̀ kan ògógóró; ti ògógóró lọ́tọ̀ ni.

Ọtí pípọn kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọn a rẹ àgbàdo sómi, wọn a jẹ́ kí ó hù, wọn a sá a gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sì fi sílẹ̀ kí ó máa hó. Bíà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkà báálì ni wọ́n mú hù ní ipò àgbàdo. Ìgbà tí ọkà bá ń hù ni ohun tí ó lè sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà máa ń jáde nínú rẹ̀. Wọn a fi omi gbígbóná fa ṣúgà yìí jáde, wọn a sè é pẹ̀lú hóòpù, ìyẹn òdòdó kíkorò kan tí kì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́. Ìwúkàrà ló máa wá jẹ ṣúgà náà, tí ó sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tí ń hó.

Ojú ọjọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó kàn wá. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ooru ilé tó ìwúkàrà ṣiṣẹ́. Ọtí á ti máa hó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ gbé irú ọtí kan náà sí ẹ̀yìnkùlé ní Ṣìkágò nínú oṣù kìn-ín-ní, kò ní mira. Ìwúkàrà inú rẹ̀ kò kú o. Ó sùn ni. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ló ń bẹ́ ìgò, a ó sì padà sí i.

Àwọn ará Bavaria ní Jámánì ti mọ òtútù lò tipẹ́. Ní ọdún 1553, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pọn bíà láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ọtí tí wọ́n bá pọn nígbà ooru máa ń bàjẹ́. Báyìí ni bíà ṣe di iṣẹ́ ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn. Wọn a gbé àgbá ọtí sínú ihò tútù, wọn a fi sílẹ̀ di oṣù mélòó kan. Ìpamọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà lager túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ìwúkàrà kan tí ó lè jẹun nínú òtútù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mu Star dàgbà, irú bíà yìí ni. Nígbà tí Nigerian Breweries kọ́kọ́ gbé Star jáde ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ẹ̀rọ ni ó ṣe ọ̀gìnnìtìn fún un ní Ìgànmú.

Nítorí náà ìwúkàrà pín sí oríṣi méjì fún ẹni tí ń pọn nínú ilé. Ti ale fẹ́ kí ara rẹ̀ móoru díẹ̀, bíi dígírì 65 sí 68 Fahrenheit, tí í ṣe 18 sí 20 Celsius. Ti lager fẹ́ bíi 48 sí 55 Fahrenheit. Kò sí èyí tí ó fẹ́ ìta Ṣìkágò nínú méjèèjì. Ale ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí a fi ń gbé e síta? Gálọ́ọ̀nù 5 ni ènìyàn sábà máa ń pọn lẹ́ẹ̀kan, bíi líta 19. Bí ẹ bá fẹ́ kí 5 kù lẹ́yìn wákàtí kan lórí iná, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 6 àti ààbọ̀. Sítóòfù ilé ìdáná á máa bá a wọ̀yá ìjà kí ó tó hó. Oru á máa ṣàn lára ògiri, òórùn hóòpù á gba gbogbo ilé kan (àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, onílé tí a gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà wà lára wọn), bí ó bá sì hó dànù, omi dídùn yẹn á lẹ̀ mọ́ sítóòfù bí oje igi. Ààrò gáàsì ńlá tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó yẹ ẹ́, ààrò yìí kì í sì í ṣe ohun inú ilé.

Gáàsì tí ó wà nínú sílíńdà tiwa níbí, propane ni. Ti Nàìjíríà ní butane nínú, butane kì í sì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti dé ibi tí omi ń dì. Propane ní tirẹ̀ ṣì ń di afẹ́fẹ́ títí dé dígírì 44 nísàlẹ̀ òdo Fahrenheit. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ṣe ń le ni agbára inú sílíńdà ń dínkù, bí gáàsì sì ṣe ń jáde ni sílíńdà fúnra rẹ̀ ń tutù sí i. Ẹ máa rí i tí funfun yìnyín bo ara rẹ̀, iná á sì rẹlẹ̀. Sílíńdà tí ó kún ni kí ẹ lò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó ku díẹ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ má fi iná yá a. Ẹ má fà á sún mọ́ ààrò. Ẹ má gbé e sùn nínú ilé kí ó lè móoru.

Ibi tí ikú wà nìyí. Atẹ́gùn á máa fẹ́, ìka á máa dun ènìyàn, ọkàn rẹ̀ á wá sọ fún un pé kí ó fa ààrò wọ gáréèjì díẹ̀, ṣebí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe é. Iná gáàsì ńlá lè máa tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í ta ènìyàn lójú. Á wọ inú ẹ̀jẹ̀, á gba àyè afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí. Òun náà ni ó ń pa odidi ìdílé ní ilé wa nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú rẹ̀. CDC, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ níbí, sọ pé ó ń pa ju 400 ènìyàn lọ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà láìròtẹ́lẹ̀, láìka ti ilé tó jóná. Ilẹ̀kùn gáréèjì tí ó wà ní ṣíṣí kò tó, nítorí pé atẹ́gùn lè máa tì í padà sínú ilé.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà burú fún ẹni tí ń pọn ọtí ni pé orí fífọ́, òòyì àti èébì ni oró yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti mu ìgò kan tàbí méjì nídìí ààrò á rò pé ọtí ni. Á ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ kí ojú òun wálẹ̀. Ó lè má dìde mọ́. Bí orí bá ń fọ́ yín nítòsí iná, ẹ jáde sí gbangba lẹ́sẹ̀kan náà, ẹ pe àwọn tó kù jáde, kí ẹ sì pe 911. Òfin Illinois ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2007 pé kí ẹ̀rọ tí ń ké nítorí carbon monoxide wà nítòsí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹ lọ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lónìí, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ké.

Ìta gbangba, níbi tí ó jìnnà sí fèrèsé àti ara ilé, ni kí ààrò wà, kì í ṣe abẹ́ òrùlé, kì í sì í ṣe orí pátákó tí wọ́n fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ kó sínóò kúrò títí ẹ ó fi rí kọnkéré. Bí ẹ bá gbé ààrò lé orí sínóò, ooru á yọ́ ọ, ẹsẹ̀ kan á rì, ìkòkò tí ó ń hó á sì ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi tí ó bá kán sílẹ̀ máa ń di yìnyín kí ẹ tó yíjú padà, nítorí náà ẹ ti wọ́n iyọ̀ sọ́nà tí ẹ máa gbà. Ẹ lè fi páànù dí atẹ́gùn ní apá kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kí ó má yí sílíńdà ká. Kí àwọn ọmọdé wà nínú ilé.

Iṣẹ́ ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ kò le. Fún gálọ́ọ̀nù 5, páùn 6 àti ààbọ̀ omi mọ́ọ̀tì kíki tí wọ́n ń tà nínú agolo ti tó. Ẹ gbóná omi, ẹ pa iná, ẹ da mọ́ọ̀tì sí i, ẹ rò ó dáadáa kí ó má jóná nídìí, lẹ́yìn náà ẹ tún tan iná. Hóòpù áúnsì kan wọlé bí ó bá ti ń hó, áúnsì kan yòókù wọlé nígbà tí ó ku bíi ìṣẹ́jú 10. Wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ń ru, àsìkò yẹn ló máa ń hó dànù.

Láti ìgbà tí iná bá ti kú, ohunkóhun tí ó bá máa kan ọtí náà gbọ́dọ̀ mọ́, kí ẹ fi oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà fún un fọ̀ ọ́. Kí ẹ sì mú un tutù kíákíá, nítorí pé kòkòrò mìíràn lè ṣáájú ìwúkàrà jẹun nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ibí ni òtútù ti ń ṣiṣẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Àwọn kan máa ń gbé ìkòkò sínú sínóò, wọn a máa retí, wọn a máa retí. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú sínóò. Á yọ́ kúrò lára ìkòkò díẹ̀, àlàfo á wà láàrin wọn, ìyókù á wá dà bí aṣọ ìbora. Ẹ da omi pọ̀ mọ́ sínóò nínú ọpọ́n ńlá, kí ẹ gbé ìkòkò tí ó ní ìdérí sí i, kí ẹ sì máa ro omi ìta náà. Ìgbà yẹn ni ooru á sá jáde. Ẹni tí ó bá ní páìpù bàbà tí wọ́n ká bí òrùka, kí ó ti ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé fa rọ́bà jáde. Ẹ̀rọ omi ìta yẹ kí ó ti wà ní títì láti ìparí ọdún. Bí ẹ bá ṣí i tí omi sì kù nínú páìpù, á dì, á sì fọ́ páìpù lára ògiri.

Ẹ má da á gbígbóná sínú ìgò ńlá onígíláàsì, nítorí gíláàsì tí ó ti tutù níta á là sí méjì. Ẹ má sì ru ìkòkò gbígbóná kọjá lórí yìnyín. Líta 19 lé ní kílò 19, ó tó ẹrù fún ènìyàn méjì. Ẹ jẹ́ kí ó tutù tán níbi tí ó wà, kí ẹ wá pín in gbé wọlé.

Kí tẹmómítà wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé ìgbà òtútù lè mú un tutù jù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ níta tí ó bọ́ sí dígírì 40, tí ẹ sì wọ́n ìwúkàrà ale sí i, á kàn rì sísàlẹ̀ ni. Ẹ dúró kí ó padà sí bíi 65 kí ẹ tó wọ́n ọn, sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 11 kan tó. Inú ilé ni ó máa wà láti ìgbà náà lọ, níbi tí ooru kò ti ń lọ sókè sódò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣí lóru. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ dára. Ìwúkàrà fúnra rẹ̀ máa ń móoru bí ó bá ń jẹun, nítorí náà kí ẹ má dé e jù ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí híhó bá ti ń rọ̀ ni aṣọ ìbora wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìwúkàrà tó sùn. Ká ní bésímẹ́ǹtì ni ẹ gbé e sí. Ó hó fún ọjọ́ mẹ́ta, òtútù líle dé, híhó dáwọ́ dúró. Ojú á sọ fún yín pé ó ti parí. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i kí ó lè ní ìfófó, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sókè sí yàrá tó móoru. Ìwúkàrà á jí. Ṣúgà tí ẹ fi sí i nìkan kọ́ ni á jẹ, á jẹ èyí tí ó kù nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ kò sì rí ibi jáde. Ìgò á di bọ́ǹbù. Àfọ́kù ìgò bẹ́ẹ̀ ti gún ènìyàn lójú rí.

Ohun tí ó lè yọ yín ni háídírómítà, gíláàsì kékeré kan tí ń léfòó, tí ó ń sọ iye ṣúgà tó wà nínú omi. Bíà tí a júwe yìí á bẹ̀rẹ̀ ní bíi 1.047, á sì sábà parí sí bíi 1.010 sí 1.012. Bí ó bá dúró sí 1.020, ṣúgà tí ó ṣẹ́ kù fún ìwúkàrà ju ìlọ́po méjì èyí tí a máa fi sí ìgò lọ. Kí ẹ gbé e lọ síbi tó móoru fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rọra mì ín kí ìwúkàrà lè dìde. Ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú ooru kan náà. Bí ó bá wálẹ̀ tó yẹ, tí nọ́ńbà méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà, ó ti parí. Ẹ má ka iye ọjọ́, ẹ má sì wo ìfófó. Ohun èlò yìí kò wọ́n rárá sí owó gbogbo nǹkan yòókù. Ní èrò tiwa, ó yẹ kí a rà á ṣáájú ìkòkò. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yín bá sì fẹ́ pawọ́pọ̀ ra ààrò, ìkòkò àti páìpù bàbà, ẹ dá a lábàá ní ìpàdé. Ohun tí ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò yẹ kí ó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan.

Ṣúgà ìgò kò gbọ́dọ̀ ju áúnsì 4 sí 5 lọ fún gálọ́ọ̀nù 5. Ẹ sè é nínú omi díẹ̀, ẹ dà á pọ̀ mọ́ gbogbo ọtí náà kí ó lè kárí, kì í ṣe kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú sí ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìgò bíà gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ìdérí rẹ̀ ń yí. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá, nínú páálí tí ó ní ìdérí, kí ẹ tó gbé e sínú òtútù.

Òtútù náà ní ààlà. Bíà tí agbára rẹ̀ tó bíi ìdá 5 nínú 100 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi dígírì 27 sí 28 Fahrenheit, bí ó bá sì dì, á wú, ìgò á là. Ẹni tí ó ń gbé tirẹ̀ lọ síbi ìkómọ ní ọjọ́ Sátidé kò gbọ́dọ̀ fi í sùn sínú búùtù mọ́tò láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá sì ṣí ìgò kan tí ó tú jáde bíi ṣáńpéènì, ẹ má fọwọ́ kan àwọn yòókù lásán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi nǹkan bo ojú, kí ẹ gbé páálí náà sínú fíríìjì. Bí wọ́n bá ti tutù wọ̀ dáadáa, kí ẹ ṣí ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ jáde.